Ọ̀rọ̀ ni Kí A Fi Dán an Wò: Àlàyé lórí Ohùn Sípíkà Kọ̀ǹpútà àti Èdè Yorùbá

Ní òpópónà Ọba Adésídà ní Àkúrẹ́, bí ènìyàn bá fẹ́ ra sípíkà kọ̀ǹpútà, ohun tí ọlọ́jà sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé yóò fi orin tí ìlù rẹ̀ wúwo sí i, yóò sì yí i sókè títí tí tábìlì yóò fi máa gbọ̀n. Bí àyà oníbàárà bá ti gbọ̀n pẹ̀lú, ọjà ti tà. A kò bá ọlọ́jà jà. Ohun tí oníbàárà ń béèrè ni ó ń tà fún un. Ṣùgbọ́n irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún wa nípa bóyá sípíkà náà lè sọ èdè Yorùbá kí ó sì yé ni. Ohun tí a fẹ́ là yé nínú àlàyé yìí ni pé ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí a máa fi dán sípíkà wò, kì í ṣe ariwo. Àti pé àwọn ìró tí sípíkà burúkú ń pa lára nínú èdè wa kì í ṣe àwọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwa olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kò fara sin. Ní ìlú Oǹdó, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni tí a ń pè ní Adéyẹmí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1964, kí ó tó wá di yunifásítì, èdè Yorùbá wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ni. Ẹni tí ó bá kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, níbikíbi tí ó wù kí ó jẹ́, mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò lọ jókòó ti arúgbó kan láti gba oríkì, ìtàn tàbí orin sílẹ̀. Láyé ọjọ́un, inú kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbà á sí. Lónìí, tẹlifóònù ni. Lẹ́yìn èyí ni yóò padà délé, tí yóò ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí yóò sì máa kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ohun tí sípíkà bá wí ni yóò kọ. Ohun tí ó bá kọ ni yóò wọ inú àpilẹ̀kọ rẹ̀, tí yóò sì wà ní ilé-ìkàwé fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí arúgbó náà bá ti papò dà, ta ni a ó tún padà lọ bi?

Sípíkà kò jìnnà sí ìlù. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni awọ tínínrín kan, tí ó lè jẹ́ pépà tàbí ike, tí a so mọ́ wáyà wíwé tí ó wà láàárín òòfà. Iná mànàmáná tí ó bá gba inú wáyà náà kọjá ni ó ń mú un sún síwájú-sẹ́yìn, awọ a sì máa ti afẹ́fẹ́ gẹ́gẹ́ bí awọ ìlù ti ń ṣe nígbà tí ọ̀pá bá bà á. Chester Rice àti Edward Kellogg ni wọ́n gbé e kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1925 ní irú ọ̀nà tí a ṣì ń tẹ̀lé dòní. Iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni à ń fi hertz kà. Etí ọ̀dọ́ tí ó dá ṣáṣá lè gbọ́ láti nǹkan bí 20 títí dé 20,000. Bí ọjọ́ orí bá ti ń pọ̀ ni agbára láti gbọ́ àwọn ìró òkè pátápátá ń dín kù. Ìró ìsàlẹ̀ ń béèrè pé kí a ti afẹ́fẹ́ púpọ̀. Ìdí kan nìyí tí ìyá ìlù fi tóbi ju gúdúgúdú lọ. Sípíkà tí awọ rẹ̀ kò fẹ̀ ju ẹnu ife kékeré lọ kò lè ti irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí 200 tàbí 150 hertz sí ìsàlẹ̀ ni agbára rẹ̀ sábà máa ń tán.

Níhìn-ín ni ẹ̀rù ti máa ń ba àwọn tí wọ́n mọ̀ pé èdè olóhùn ni Yorùbá. Nígbà tí ọkùnrin bá ń pe sílébù tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀, ìgbọ̀nrìrì ọ̀fun rẹ̀ lè wálẹ̀ dé 100 hertz tàbí kí ó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí sípíkà kò bá lè pe 100, ṣé a kò ní í da ogun, ogún àti Ògún pọ̀ mọ́ ara wọn? A kò ní í dà wọ́n pọ̀. Ìdí ni pé ọ̀fun ènìyàn kì í pe ìró kan ṣoṣo. Ọ̀fun tí ó bá gbọ̀n ní 100 ń gbé 200, 300, 400 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ jáde pẹ̀lú rẹ̀. Bí a bá yọ 100 kúrò, àlàfo tí ó wà láàárín àwọn yòókù ṣì jẹ́ 100, ọpọlọ a sì fi èyí mọ ohùn tí ọ̀fun pè. August Seebeck ti kíyè sí i ní Jámánì láti ọdún 1841, J. F. Schouten sì tún ṣe iṣẹ́ pàtàkì lé e lórí ní Netherlands ní nǹkan bí ọdún 1940. Ẹ̀rí tí ó sún mọ́ wa jù wà nílé. Tẹlifóònù oníwáyà àtijọ́ kì í gbé ohun tí ó rẹlẹ̀ ju 300 hertz dáadáa, síbẹ̀ àwọn bàbá wa fi í sọ Yorùbá, wọ́n fi í bá ara wọn ṣe àdéhùn owó, wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé.

Kọ́ńsónáǹtì ni kí a máa bẹ̀rù fún. Ìró s máa ń ní agbára jù lọ láti nǹkan bí 4,000 hertz sókè. Ti ṣ bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, ní nǹkan bí 2,500. Tẹlifóònù tí a mẹ́nu bà yẹn ń dúró ní 3,400. Sípíkà tí kò bá lè pe ìró òkè dáadáa, tàbí èyí tí a kọjú rẹ̀ sí ògiri, yóò ṣe irú ìpalára kan náà. "Ó sá iṣu" àti "ó ṣá iṣu" yóò jọ ara wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó sá iṣu fẹ́ ṣe èlùbọ́ ni, ẹni tí ó ṣá a sì lè jẹ́ ọ̀tá olóko. (Àwọn ará Ìbàdàn yóò rẹ́rìn-ín níhìn-ín, nítorí pé ẹ̀ka-èdè tiwọn kò dúró de sípíkà kí ó tó so méjèèjì pọ̀.)

Ní ti Oǹdó, ewu náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ka-èdè ibẹ̀ ní ìró kan tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní, èyí tí a máa ń fi gh kọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú eghó, tí í ṣe owó. Ìró àfàsépè, àfúnnupè, akùnyùn ni. Kò lágbára, ó sì máa ń fara sin láàárín fáwẹ̀lì méjì. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ nígbà tí a gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, tí ohùn sípíkà sì tún ha, etí ẹni tí kì í ṣe ọmọ Oǹdó lè gbọ́ eó, yóò sì kọ eó. Bẹ́ẹ̀ ni irú ìró yìí gan-an wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń ya ẹ̀ka-èdè Yorùbá kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Ẹ̀bi sípíkà yóò wá di ẹ̀rí nípa èdè.

Báwo ni a ó ṣe wá dán an wò? Ọ̀nà àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, irú àwọn tí yunifásítì ìmọ̀-ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní ọdún 1981 ń tọ́, ni pé kí sípíkà pe ìró kan tí yóò máa gòkè láti 20 dé 20,000 hertz, kí makirofóònù tí kì í ṣe ojúsàájú gbà á, kí a sì fi ìlà ya àwòrán rẹ̀. Bí ìlà náà bá tẹ́ láìsí gegele púpọ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n ògiri àti tábìlì a máa dá ìró padà, wọn a sì máa da àwòrán náà rú. Ọ̀nà kejì ni ó wù wá jù. Ní àwọn ọdún 1920, Harvey Fletcher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà ń dán tẹlifóònù wò nípa kíka àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ sínú rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní ìkángun kejì a kọ ohun tí ó gbọ́, wọn a sì ka iye tí ó gbà. Kò sí ohun tí ó dí wa lọ́wọ́ láti ṣe tiwa. Kí ọkùnrin kan, obìnrin kan àti àgbàlagbà kan ka àádọ́ta ọ̀rọ̀, kí ogun àti ogún wà níbẹ̀, kí sá àti ṣá wà níbẹ̀, kí eghó wà níbẹ̀. Kí a gbà á sílẹ̀ ní 44,100 ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, gẹ́gẹ́ bí ti àwo CD, nítorí pé bí a bá lo ohùn tí a ti fún pọ̀ kí ó lè tètè lọ lórí tẹlifóònù, a ó máa bú sípíkà fún ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Kí a fi aṣọ bo àwọn sípíkà. Floyd Toole àti Sean Olive fi hàn ní ọdún 1994 pé ìdájọ́ àwọn olùgbọ́ yí padà nígbà tí wọ́n rí ohun tí wọ́n ń gbọ́. Kí ìró wọn rí bákan náà ní agbára pẹ̀lú, nítorí pé èyí tí ó bá fi díẹ̀ pariwo ju èkejì lọ ni etí máa ń pè ní dídára. Iye wáàtì ràgàjì tí wọ́n kọ sára páálí, pàápàá èyí tí ó bá ní PMPO lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kà sí. Kí a sì pa jẹnẹrétọ̀. Ariwo rẹ̀ ni ó ń bo ìró ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì jọ pé ó wà lára ohun tí ó ń mú àwọn ènìyàn wa máa wá sípíkà tí ń dún kìì.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ni kí a tó fi ìlù sí i. Àwo Juju Music tí King Sunny Adé, ọmọ ìdílé ọba Oǹdó, gbé jáde ní ọdún 1982 dára fún èyí, nítorí pé ìlù tí ń sọ̀rọ̀ àti àwọn gìtá jọ wà nínú rẹ̀. Sípíkà kékeré yóò gbé ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ jáde, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ yóò dín kù. Ẹni tí ó fẹ́ jó lè kọ̀ ọ́. Ẹni tí ó fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kò pàdánù púpọ̀, bí ó bá ti lè ya ìlù kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Síbẹ̀, kí ẹni tí ń da ohùn àgbà kọ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé sípíkà nìkan, bí ó ti wù kí ó gba máàkì tó. Kí ó tún fi ìapíìsì sétí, kí ó gbọ́ gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Níbi tí ohun tí ó gbọ́ bá ti yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, kí ó fi àmì sí i, kí ó sì padà lọ bá ẹni tí ó sọ ọ́, níwọ̀n ìgbà tí ó ṣì wà láàyè.