Bí Àgbọ̀nrín Bá Fura: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ọdẹ Ṣe

Ìfáàrà

Ní kíláàsì lítíréṣọ̀ wa ní Kánò, a ń ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, èyí tí ó jáde ní ọdún 1938. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n bí sí Sabon Gari, tí kò wọ igbó kìjikìji rí láyé rẹ̀, nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí ẹran bá ti mọ̀ pé ọdẹ wà níbẹ̀, ṣé kì í ṣe kí ọdẹ yára yìnbọn kí ó tó sá lọ ni?" Gbogbo kíláàsì ló gbè é lẹ́yìn. Lójú tiwọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ yára ló borí. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọdẹ mọ̀ pé òdìkejì rẹ̀ ni bàbá mi máa ń ṣe, ṣùgbọ́n n kò lè ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè yẹn ló bí iṣẹ́ yìí.

Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ tí kò kan ará Kánò. Nígbà tí ojú irin dé Kánò ní nǹkan bí ọdún 1911, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ya Sabon Gari sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń ti ìhà gúúsù bọ̀, akọ̀wé, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ Yorùbá tó tẹ̀dó síbẹ̀. Ọmọ ọdẹ wà láàárín wọn. Wọ́n gbé oríkì àti ìjálá wá, ṣùgbọ́n igbó kò bá wọn wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọmọ wọn lè gbọ́ ìrèmọ̀jé níbi ìsìnkú àgbà ọdẹ, kí ó má mọ ohun tí olóògbé náà ń ṣe nínú igbó tí wọ́n fi ń yìn ín pé ó ní sùúrù. Iṣẹ́ tí Adébóyè Babalọlá ṣe lórí ìjálá, tí ó jáde ní ọdún 1966, jẹ́ kí a mọ bí oríkì ẹranko ti pọ̀ tó nínú ìjálá. Ìmọ̀ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn àwọn oríkì náà ni a fẹ́ fọwọ́ bà níhìn-ín, àní apá kékeré kan nínú rẹ̀: àkókò kúkúrú tó wà láàárín ìgbà tí àgbọ̀nrín fura àti ìgbà tí ó sá.

Bàbá ọdẹ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé Sabon Gari báyìí ni a fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. A sì fi ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu bàbá tèmi ní agbègbè Ìgbẹ́tì kún un. Àwọn bàbá náà fúnra wọn fi ṣẹ̀fẹ̀ pé àgbọ̀nrín èṣí ni àwọn ń jẹ lọ́bẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbé ìbọn kọ́. Èmi náà kò yìnbọn rí.

Ẹran tí à ń sọ

Bíbélì Yorùbá pe ẹran inú Sáàmù 42 ní àgbọ̀nrín, àwọn tó ń túmọ̀ ìwé Gẹ̀ẹ́sì sì ń lo orúkọ kan náà fún ẹran ilẹ̀ òyìnbó tí ìwo rẹ̀ rí bí ẹ̀ka igi. Ẹran yẹn kọ́ ni tiwa. Ìwo tirẹ̀ máa ń já bọ́ lọ́dọọdún, òmíràn á sì hù, ní ilẹ̀ Áfíríkà, ìhà Àríwá pátápátá ni irú rẹ̀ wà. Àgbọ̀nrín tiwa, ẹbí màlúù, ẹfọ̀n àti ẹtu ni. Ìwo rẹ̀ kì í já bọ́, akọ nìkan ló sì ń ní in. Ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó ní ìlà àti àmì funfun lára. Akọ tó dàgbà lè wọ̀n ju 40 kílò lọ. Àwọn kan ń ya ìgalà sọ́tọ̀ kúrò lára rẹ̀, àwọn kan ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Lórí èyí, àwọn bàbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò fẹnu kò.

Ohun tó kàn wá jù ni ìwà rẹ̀. Ó máa ń dá jẹ̀ ni, kì í kó ara jọ bí ẹ̀fà tàbí màlúù. Igbó dídí tó sún mọ́ omi ni ó fẹ́ràn, ìdájí, ìrọ̀lẹ́ àti òru ni ó sì ń jáde. Ẹran tó ń dá jẹ̀ kò ní ẹlẹgbẹ́ tí yóò bá a ṣọ́nà, ara rẹ̀ ni ó fi ń ṣọ́ ara rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá bà á, ó lè gbó bí ajá. Àlejò tó bá gbọ́ ọ lóru á rò pé ajá ọdẹ kan ló sọnù.

Gbọ́, rí, fura

Èdè wa ṣe ohun kan tí ó yẹ kí a kíyè sí. A ń sọ pé ẹran gbọ́ ìró, a tún ń sọ pé ó gbọ́ òórùn. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni fún etí àti fún imú. Ọdẹ kò lè fi wọ́n ṣe ọ̀kan nínú igbó, nítorí ohun tí yóò ṣe bí etí ẹran bá gbọ́ yàtọ̀ sí ohun tí yóò ṣe bí imú rẹ̀ bá gbọ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọdẹ ń bi ara rẹ̀ nìyí: kí ló sọ fún un?

Bí ó bá jẹ́ etí ni, orí yóò gbéra lójijì, ẹnu yóò dá jíjẹ dúró, etí méjèèjì yóò sì kọjú síbi tí ìró náà ti wá. Ẹran náà mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, kò mọ ohun tó jẹ́. Ẹ̀ka igi a máa já fúnra rẹ̀, ọ̀bọ a máa ju èso sílẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ojú ni, yóò tẹjú mọ́ ọdẹ. Ó lè rẹ orí sílẹ̀ kí ó tún gbé e sókè, ó lè na ọrùn sí ọ̀tún àti sí òsì, ó sì lè fi ẹsẹ̀ iwájú gbálẹ̀. Ńṣe ni ó ń dán ohun tó rí wò bóyá yóò mira. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo àyíká rẹ̀ tán láìyí ọrùn padà. Ṣùgbọ́n irú ojú bẹ́ẹ̀ kì í ya àwọ̀ pupa sọ́tọ̀ dáadáa kúrò lára àwọ̀ ewé bí ojú ènìyàn. Ohun tó ń mira ni ó mọ̀ jù. Ọdẹ tó dúró ṣinṣin sídìí igi, igi ni lójú rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ imú ni, kò sí ìbéèrè mọ́. Òórùn ènìyàn kò jọ òórùn ohun mìíràn. Ẹran yóò fọn imú tàbí kí ó gbó, ìrù yóò ta sókè, abẹ́ rẹ̀ yóò funfun báláú, ó parí. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà sọ ọ́ báyìí pé: "Etí ń béèrè, ojú ń béèrè. Imú kì í béèrè ní tiẹ̀."

Dídúró bí igi

Tí ó bá jẹ́ etí tàbí ojú ló fura, kí ọdẹ dúró bí ó ti wà. Bí ẹsẹ̀ kan bá wà lókè, kí ó wà lókè. Àṣìṣe tí ọdẹ tuntun máa ń ṣe ni pé ó yára lóṣòó láti fara pamọ́. Lílóṣòó náà, ìmira ni. Ó ti fi ara rẹ̀ hàn níbi tó ti fẹ́ fara pamọ́. Kò gbọdọ̀ gbé ìbọn sókè nígbà tí ẹran ń wò ó, bí ìbọn náà kò bá ti wà léjìká tẹ́lẹ̀. Kí ó rẹ ojú sílẹ̀ sábẹ́ fìlà, kí ó má wo ẹran náà lójú kòró, kí ó sì fi imú mí díẹ̀díẹ̀.

Yóò ti pẹ́ tó? Ìdáhùn kò ṣọ̀kan. Bàbá kan ní kí á ka ení, èjì títí dé ọgọ́rùn-ún. Èkejì ní kí á dúró títí ẹ̀fọn tó bà síni lójú yóò fi mu ẹ̀jẹ̀ yó tí yóò sì fò lọ. (Mo máa ń fi ẹ̀fọn yìí àti ẹfọ̀n inú igbó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ohùn. Wọn kì í gbàgbé ẹ̀kọ́ yẹn.) Ẹkẹta kò ka ohunkóhun. Ó ní ara ẹran ni òun ń wò.

Ti ẹkẹta yìí ni mo gbà jù, nítorí àgbọ̀nrín mọ ẹ̀tàn. Ó lè tẹ orí sílẹ̀ bí ẹni pé ó ti padà sídìí oúnjẹ, kí ó sì gbé e sókè wàrà kí ó lè ká ọdẹ mọ́ ibi tó ti ń mira. Ọdẹ tó bá gbéra nígbà àkọ́kọ́ tí orí wálẹ̀ ti ṣubú sínú ẹ̀tàn náà. Àmì tí ó yẹ kí á dúró dè ni pé kí ìrù bẹ̀rẹ̀ sí í lé eṣinṣin, kí etí tún máa yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹnu máa jẹ ní tòótọ́. Nígbà yẹn pàápàá, ìgbà tí igi bá dí ojú ẹran nìkan ni kí ọdẹ gbé ẹsẹ̀.

Àlọ́ tí gbogbo wa mọ̀, ti ọdẹ tó bá ẹran níbi tó ti bọ́ awọ sílẹ̀ tó di arẹwà obìnrin, ṣe gbólóhùn kan lórí èyí tí a kì í kíyè sí: orí igi ni ọdẹ náà wà, kò sì mira. Ká ní ó mira ni, kò bá má sí àlọ́.

Atẹ́gùn

Kò sí ìdúróṣinṣin tí ó lè tan imú jẹ. Nítorí náà, kí ẹran tó fura ni ọ̀rọ̀ imú ti gbọ́dọ̀ parí. Ọdẹ yóò da eérú tàbí erùpẹ̀ lẹ́bú díẹ̀ sílẹ̀ láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ kọjú sí. Ará Kánò mọ ọyẹ́ ju ẹnikẹ́ni lọ: láti àríwá ìlà-oòrùn ni ó ń fẹ́ wá. Nítorí náà, ní àsìkò ọyẹ́, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni kí ọdẹ ti máa bọ̀, kí ọyẹ́ lè máa fẹ́ lù ú lójú. Nígbà òjò, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń wá, ọ̀nà náà yóò yí padà. Ní ilẹ̀ olókè, afẹ́fẹ́ tútù máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò ní alẹ́, ó sì máa ń gun òkè bí oòrùn bá ti mú. Bí afẹ́fẹ́ bá yí sẹ́yìn ọdẹ lójijì, kí ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ kí ẹran tó sọ fún un.

Ọfà, ìbọn àti ìkánjú

Mo padà sórí ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ wa: kí ló dé tí ọdẹ kò fi yára ta á? Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ọfà, tí àwọn ọdẹ Hausa, àwọn maharba, ṣì mọ̀ dunjú. Ìró máa ń rin nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọfà kò rin tó ìdá mẹ́rin ìyẹn. Ìró ọsán ọrun yóò dé etí ẹran kí ọfà tó dé ara rẹ̀. Ẹran tó ń jẹun jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lè má tètè ṣe nǹkan kan. Èyí tó ti fura, tí iṣan rẹ̀ ti le, yóò ti ká ẹsẹ̀ kò láti fò, ọfà yóò sì gba òkè ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá tàbí kí ó bà á níbi tí kò lè pa á.

Ti ṣakabùlà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìgbà díẹ̀ wà láàárín kí òòlù ìbọn lu iná àti kí ẹtù gbiná tán. Ẹni tó bá kánjú gbé e sókè kò ní dúró tì í di ìgbà yẹn. Akọ àgbọ̀nrín tó gbọgbẹ́ tí kò kú, tí a bá tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wọ inú igbó dídí, a máa fi ìwo dojú kọ ọdẹ àti ajá.

Ṣùgbọ́n ìdí tó tóbi jù kọ́ nìyẹn. Nígbà tí mo wà ní ìwé kẹrin, èmi àti àbúrò mi wọ igbó ẹ̀yìn oko lọ ṣa ìgbín ní ìdájí lẹ́yìn òjò. Káńkí iléèwé ló wà lọ́rùn wa, àwọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ti ẹran. A kò mọ̀ pé bàbá wa ti lúgọ síbẹ̀ láti òru. Ó gbọ́ pé ewé ń dún, ó rí nǹkan pupa rúsúrúsú láàárín igbó, ìró náà sì dákẹ́ lójijì, bí ìgbà tí ẹran bá fura. Àwa ni a dúró, nítorí a rí ìgbín méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbọn ti wà léjìká rẹ̀. Ó ní òun kò rí etí, òun kò rí ìrù, nítorí náà òun dúró. Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò bá wa wí. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹni tó bá ń yìnbọn nítorí kí ẹran má baà sá, ohun tí kò tíì rí tán ni ó ń yìnbọn sí. Lóru, iná orí ọdẹ máa ń jẹ́ kí ẹyinjú ẹran tàn bí ẹyin iná, ojú ènìyàn kì í tàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti màlúù ń tàn, ti àgùntàn ń tàn, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó ń dà wọ́n sùn sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Kí ọdẹ rí ara kí ó tó gbà pé òun rí ẹran.

Bí ó bá ti gbó

Bí àgbọ̀nrín bá ti gbó tí ó sì ti sá, kí ọdẹ má lé e. Ó máa ń sáré lọ díẹ̀ kí ó tó dúró wẹ̀yìn, ẹni tó bá sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò rí. Kí ọdẹ dúró síbi tó wà fún ìgbà díẹ̀, kí ó wá gba ọ̀nà tó gbà wá padà láìpariwo. Ibi tí àgbọ̀nrín ń jẹ̀ kì í fẹ̀ púpọ̀. Èyí tí a kò dẹ́rù bà jù yóò padà síbẹ̀. Èyí tí a lé, tí a yìnbọn tẹ̀ lé, yóò di ẹran òru.

Àwọn ibòmíràn wà tí kò yẹ kí ọdẹ gbé ìbọn dé rárá. Òfin tó dáàbò bo àwọn ẹranko tó ń tán lọ ti wà láti ọdún 1985, igbó Ọ̀yọ́ Ilé sì ti di ọgbà ìjọba àpapọ̀ láti ọdún 1991. Igbó Falgore wà ní gúúsù ìpínlẹ̀ Kánò níbí. Mo ti ń rò ó pé kí á kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀, láìsí ìbọn, kí wọ́n lọ dúró bí igi wò.

Bàbá kejì, onísùúrù ẹ̀fọn, sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni òun lọ sí etí odò kan náà nítorí akọ àgbọ̀nrín kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó fura tí òun sì yí padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó gbé orí sókè, ó wo ọ̀gangan ibi tí òun wà, ó fi ẹsẹ̀ gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún tẹ orí sídìí ewé. "Ìrù rẹ̀ mì," bàbá wí, "ìgbà yẹn ni mo tó gbé ìbọn."