Bí Ìjọba Bá Fa Ọwọ́ Sẹ́yìn Nínú Ìmọ́tótó Ọjà, Kí Ni Ká Ṣe?

  

Ìmọ́tótó ara, aṣọ àti ilé ni a sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí ní abala yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ wa jáde kúrò nílé, ó dé ọjà. Ìdí ni pé ata, ẹ̀fọ́, ẹran àti ẹja tí à ń sè nílé, ọjà ni a ti ń rà wọ́n. Bí ìyá kan bá fọ ìkòkò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tí ẹ̀fọ́ tó fẹ́ sè ti bá omi gọ́tà pàdé lábẹ́ àtẹ, iṣẹ́ ṣì kù.

Ẹ jẹ́ ká fi Ọjà Tuntun ní ìlú Ìlọrin wa níbí ṣe àpẹẹrẹ. Èrò tó ń wọ ibẹ̀ lóòjọ́ kò kéré: àwọn tó ń tà, àwọn tó ń rà, àwọn alágbàrù, àwọn awakọ̀, àwọn ọmọ tó ń kiri omi. Kí ọjà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ má baà di orísun àìsàn, ohun mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lójoojúmọ́: ọkọ̀ tó ń kó pàǹtí, gọ́tà tí omi ń rí gbà kọjá, omi tó mọ́, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ṣeé wọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí oníṣòwò kan lè dá ṣe. Ìdí nìyẹn tí a fi ń san owó ọjà, tí ìjọba sì ń gbà á.

Ìgbálẹ̀ jẹ́ tiwa, ọkọ̀ jẹ́ ti ìjọba

Àwọn àgbà inú wa kò tíì gbàgbé ìgbà àwọn wolé-wolé, tí wọ́n ń yẹ inú ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà níbẹ̀. Wọn kò tíì gbàgbé ìgbà Ọ̀gágun Tunde Idiagbon, ọmọ Ìlọrin, tí ìjọba ológun tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 1983 mú ìmọ́tótó àyíká ní ọ̀ranyàn. A kọ́ láti gbálẹ̀ nígbà yẹn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ kò lè gbé pàǹtí kúrò nínú ìlú. Ohun tó lè ṣe kò ju kó kó o jọ sójú kan. Bí ọkọ̀ kò bá wá, òkìtì ni a gbálẹ̀ kó jọ, òjò àkọ́kọ́ tó bá sì rọ̀ á dá a padà sínú gọ́tà.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gọ́tà á dí. Omi ìdọ̀tí á kún, á wọ abẹ́ àtẹ. Bí ìgbẹ́ ènìyàn bá wà nínú omi náà, nítorí pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà ti bàjẹ́, tí ó sì ráyè wọ inú kànga tàbí páìpù tó ń jò, kọ́lẹ́rà ti rí ọ̀nà nìyẹn. Eṣinṣin á gbé tirẹ̀ lọ sórí ẹran. Eku á máa sanra lórí òkìtì, a sì mọ̀ pé eku ló ń gbé ibà Lassa rìn. Ní ọdún 2021, àjọ NCDC tó ń mójú tó àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà ka àwọn tí wọ́n fura sí pé kọ́lẹ́rà mú sí ohun tó lé ní 100,000. Àwọn tó kú nínú wọn lé ní 3,500.

Kò sí ìjọba tó máa ń kéde pé òun ti dín owó ìmọ́tótó kù. Ọkọ̀ tó ń wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ á di ti ẹ̀ẹ̀kan. Wolé-wolé tó fẹ̀yìn tì, wọn kò ní fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rọ omi á bàjẹ́, wọ́n á ní owó àtúnṣe ń bọ̀. Ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò á ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan ni yóò kù níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọwọ́ ìjọba ń kúrò, a ó sì ti máa rò pé bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Àwọn kan ń sọ pé kò sí wàhálà níbẹ̀, pé ẹni tó bá nílò omi kó ra omi mẹ́ruwà, ẹni tó bá fẹ́ kó pàǹtí dànù kó wá ọmọ oníkẹ̀kẹ́ ẹrù. Ẹni tó lówó á ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní ńkọ́? Á bu omi tó bá rí, á da pàǹtí rẹ̀ sí gọ́tà lóru. Àìsàn tó bá sì ti ibẹ̀ jáde kì í bi ènìyàn pé èló ló wà lápò rẹ̀ kó tó wọlé.

Ohun tí òfin wí

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní apá kẹrin àwọn àfikún rẹ̀, ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọjà wà níbẹ̀. Ibi ìpẹran wà níbẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò wà níbẹ̀. Kíkó pàǹtí àti ìdọ̀tí dànù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹni tó bá lọ béèrè wọn kò ṣagbe, ohun tí òfin kọ sílẹ̀ ló ń béèrè.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àṣẹ kan láti fòpin sí ṣíṣe ìgbọ̀nsẹ̀ ní gbangba. Àṣẹ náà ní kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní gbogbo ibi tí èrò ń pé jọ sí, títí kan ọjà àti ilé ìjọ́sìn. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ pé owó tó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà, kí ìjọba ìpínlẹ̀ má ṣe dá a dúró mọ́. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, NULGE, ti ń pariwo lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìdájọ́ náà tó wáyé. A mọ̀ pé ìdájọ́ lọ́tọ̀, ìmúṣẹ lọ́tọ̀. Síbẹ̀, ó ti fún ará ìlú ní ìdí láti wọ ọ́fíìsì káńsù, kí ó sì fi ọ̀wọ̀ béèrè pé: èló ló wọlé, èló ni ẹ yà sọ́tọ̀ fún ìmọ́tótó ọjà wa?

Àwọn tó ti ṣe é rí

Kò yẹ ká rò pé oníṣòwò lásán kò lè bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ní Èkó láyé òyìnbó, obìnrin Mùsùlùmí kan tó ń ta ẹja ní ọjà Ẹ̀rẹ́kò, Alimotu Pelewura, ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà. Kò kàwé òyìnbó. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, nígbà tí ìjọba fẹ́ kó ọjà Ẹ̀rẹ́kò kúrò níbi tó wà, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà, wọ́n tilẹ̀ tì wọ́n mọ́lé, ọjà kò sì kúrò. Ní oṣù kejìlá ọdún 1940, ìjọba gbé owó-orí lé àwọn obìnrin tó ń rí ju £50 lọ lọ́dún. Àwọn obìnrin náà tẹ àtàǹpàkò wọn sí ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n tò lọ bá ìjọba. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba sún ààlà náà sókè sí £200. Àtàǹpàkò ni wọ́n fi ṣe é.

Ní ayé tiwa yìí, ọ̀rọ̀ omi ló gbé àwọn ará Èkó dìde. Ní ọdún 2014, ó hàn pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà ń bá ẹ̀ka ìdókòwò Báńkì Àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IFC jíròrò láti mú ilé iṣẹ́ aládàáni wọ inú ètò omi ẹ̀rọ. Ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ àyíká kan, Environmental Rights Action, tí Akinbode Oluwafemi wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé omi jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn. Àwọn òṣìṣẹ́ omi dara pọ̀ mọ́ wọn, àwọn obìnrin àdúgbò náà sì dá sí i. Ìbẹ̀rù wọn ni pé owó omi á gòkè, àwọn òṣìṣẹ́ á sì pàdánù iṣẹ́. Ní ọdún 2015, ìjíròrò pẹ̀lú IFC parí láìsí àdéhùn. Ìjọba kò pa èrò náà tì pátápátá, àwọn ará ìlú náà kò sì sùn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í tó. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ọjà kì í sùn lálẹ́ kejì.

Ohun tí ẹ̀sìn kọ́ wa

Ànábì wa (SAW) fi ìmọ́tótó ṣe ìdajì ìgbàgbọ́. Ó ka mímú ohun ìpalára kúrò lójú ọ̀nà mọ́ ẹ̀ka ìgbàgbọ́, ó sì kìlọ̀ gidigidi fún ẹni tó ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sí ojú ọ̀nà tàbí sábẹ́ ibòji tí àwọn ènìyàn ń sinmi sí. Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ìlú ni gbogbo ìyẹn. Nígbà tí omi wọ́n àwọn ará Mádínà, tí olówó kan ń ta omi kànga Rúmà fún wọn, Uthman ọmọ Affan (kí Ọlọ́run yọ́nú sí i) ra kànga náà, ó sì fi í sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Sàdákátù járíyà ni.

Ó tún yẹ ká rántí ìtàn àwọn ará Kufa. Wọ́n fẹjọ́ gómìnà wọn, Saad ọmọ Abi Waqqas, sun Kàlífà Umar. Umar kò bínú sí wọn pé wọ́n fẹjọ́ sun. Ó pe Saad, ó gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó sì rán àwọn ènìyàn lọ sí Kufa láti wádìí láti mọ́sálásí dé mọ́sálásí. Ibi gbogbo ni wọ́n ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní rere, àfi ní mọ́sálásí kan, tí ọkùnrin kan ti dìde pa irọ́ mọ́ ọn. Saad ṣẹ́ èpè fún onírọ́ náà, èpè náà sì jà. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀ fún wa: ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti fẹjọ́ sun, aláṣẹ sì ní ojúṣe láti wádìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ ẹjọ́ gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́. Kò gbọdọ̀ bu iyọ̀ sí i.

Bí a ṣe lè ṣe é ní Ọjà Tuntun

Ìmọ̀ràn wa nìyí fún àwọn ọlọ́jà, àwọn ará àdúgbò àti ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa tó wà nítòsí:

1. Ẹ ṣí ìwé kan. Ẹ máa kọ ọjọ́ tí ọkọ̀ pàǹtí wá àti ọjọ́ tí kò wá. Ẹ ka iye ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ṣeé lò àti èyí tó ti bàjẹ́. Ẹ fi fóònù ya àwòrán gọ́tà tó dí. Oṣù mẹ́ta irú àkọsílẹ̀ yìí lágbára ju ariwo ọdún kan lọ.

2. Ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì owó ọjà yín. Ẹ̀rí ni.

3. Ẹ kọ ìwé kan ṣoṣo ní orúkọ gbogbo ọjà. Ẹni tí kò lè kọ orúkọ kó tẹ àtàǹpàkò. Ẹ fún káńsílọ̀, alága ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹ̀ka ìlera, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ẹ̀dà tí ẹ ó mú padà.

4. Ẹ lo òfin òmìnira láti gba ìsọfúnni ti ọdún 2011. Ọ́fíìsì ìjọba tí ẹ bá kọ̀wé béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ọjọ́ méje.

5. Ẹ jẹ́ kí ìyálọ́jà, bàbálọ́jà, lèmọ́mù àti nọ́ọ̀sì àdúgbò jọ lọ. Ẹ lọ kí ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ tó jáde, nítorí owó tí wọ́n ti pín tán ṣòro láti dá padà. Ẹ má ṣe jà, ẹ má ṣe dí ọ̀nà, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí olóṣèlú kan sọ ọ̀rọ̀ náà di tirẹ̀.

A kò sọ pé owó ìjọba kì í tán. Bí wọ́n bá fi ìwé hàn wá pé lóòótọ́ ni kò sí owó, ẹ jẹ́ ká bá wọn yan ohun tó yẹ kó ṣáájú. Lójú tiwa, omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú, nítorí àìsí wọn ló ń yára pa ènìyàn.

Lásìkò tí a bá ń retí ìdáhùn, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀mí kankan bọ́. Ẹni tó bá ń ya ìgbẹ́ olómi léraléra, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní omi oníyọ̀-àti-ṣúgà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: lítà kan omi tó ti hó tó sì ti tutù, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, tí orí ṣíbí kọ̀ọ̀kan tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ó bá ń mu ún lọ́wọ́, ẹ máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kọ́lẹ́rà lè pa ènìyàn láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ bo oúnjẹ, ẹ má sì ṣe da pàǹtí sí gọ́tà, kí ẹnu wa lè gbà á láti sọ̀rọ̀ nígbà tí a bá dé iwájú aláṣẹ.

Kí Ọlọ́run Ọba fún wa ní ìlera, kí Ó fi àánú sí ọkàn àwọn tí wọ́n ń ṣe olórí wa, kí Ó sì jẹ́ kí ọjà wa jẹ́ ọjà èrè, kó má jẹ́ ọjà àrùn. Àmín.