Títẹ Àmì Ìṣirò àti Àmì Ohùn Yorùbá Lórí Kọ̀ǹpútà

Ìfáárà

“Ẹ̀wá mélòó ni ó wà nínú ogún?” Ìbéèrè ìṣirò ni èyí, méjì ni ìdáhùn rẹ̀. Bí àmì bá sọnù lára rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè ka ẹ̀wà àti ogun, kí ó sì gba òdo níbi tí kò ti jẹ̀bi. Láàárín ọdún 1970 sí 1978, iṣẹ́ àkànṣe Yunifásítì Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá ṣe agbátẹrù rẹ̀, fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Èdè náà kájú iṣẹ́. Ó ku kí olùkọ́ mọ bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí ó ń fa ìṣòro

Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì Yorùbá àtijọ́ kàn ya àwòrán ẹ tàbí ṣ sórí ipò àmì mìíràn ni. Bí olùkọ́ ní Iléṣà bá fi irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ tẹ ìbéèrè, tí ó sì gbé e lọ sí Òṣogbo láti tẹ̀ ẹ́ jáde, àmì àjèjì ni kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì náà yóò gbé jáde. Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991, fún àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí fọ́ǹtì tilẹ̀ yí padà, nọ́ńbà náà kì í yí padà.

Bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èyí tí ó rọrùn nínú Microsoft Word lórí Windows ni kí olùkọ́ tẹ nọ́ńbà àmì, kí ó di Alt mú, kí ó sì tẹ X:

1EB9 = ẹ; 1ECD = ọ; 1E63 = ṣ
2260 = ≠ (kò dọ́gba)
2264 = ≤ (kò ju … lọ)
2208 = ∈ (wà nínú)
2200 = ∀ (fún gbogbo)
2203 = ∃ (ó wà)

Àmì ohùn ìsàlẹ̀ ni 0300, ti òkè ni 0301. Ẹ̀yìn lẹ́tà ni a ń tẹ̀ wọ́n sí. Unicode kò fún ẹ́ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nítorí náà, ẹ ni yóò ṣíwájú, kí 0301 tó tẹ̀lé e. Kí olùkọ́ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín 5 àti 2260 nígbà tí ó bá ń tẹ 5 ≠ 8, nítorí pé Word yóò ka 52260 pọ̀ bíi nọ́ńbà kan. Bákan náà ni fún lẹ́tà A títí dé F.

Àgbálọgbábọ̀

Àmì ohùn àti àmì ìṣirò, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń ya ìtumọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí ó bá mọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí yóò lè gbé ìbéèrè tí kò rú ọmọ lójú kalẹ̀.