Bí Iná Mànàmáná Ṣe Ń Wá Ìkorò Inú Kòkó

Láti Àkúrẹ́ títí dé ìlú Oǹdó, kòkó kì í ṣe àjòjì sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ǹjẹ́ ẹ ti la hóró kòkó tútù sí méjì rí? Àwọ̀ elésè-àlùkò ni ẹ óò bá nínú rẹ̀, bí ẹ bá sì tọ́ ọ wò, ó korò.

Lára ohun tí ó ń fa ìkorò náà ni àwọn èròjà tí à ń pè ní fínọ́ọ̀lù. Bí hóró bá gbẹ láìjẹ́ pé a bò ó, wọ́n lè tó 12 sí 18 nínú ìdá 100 ìwọ̀n rẹ̀. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ fi ń kó kòkó jọ, tí ó ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ 5 tàbí 6 kí ó tó sá a. Níbẹ̀ ni ó ti ń gbóná, tí fínọ́ọ̀lù ń dínkù, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Olùyẹ̀wò a máa la hóró 300 láti wo àwọ̀ yìí. Èyí tí a kò bò dáadáa kì í pa owó gidi. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè sọ iye fínọ́ọ̀lù tí ó kù.

Báwo ni a ṣe lè kà á? Fínọ́ọ̀lù lawọ́. Ó máa ń tètè fi ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù, ohun bíńtín tí ń gbé iná mànàmáná kiri, tọrẹ. Irú ìtọrẹ yìí fún afẹ́fẹ́ ni ó ń mú kí iṣu tí a bó sílẹ̀ dúdú. Bí a bá lọ kòkó, tí a pò ó mọ́ omi, tí a wá ki ọ̀pá kábọ̀nù tí iná díẹ̀ wà lára rẹ̀ bọ̀ ọ́, fínọ́ọ̀lù yóò fi ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù rẹ̀ fún ọ̀pá náà, mítà yóò sì kà á. Bí fínọ́ọ̀lù bá ṣe pọ̀ tó ni iná tí mítà kà yóò ṣe pọ̀ tó.

Ṣùgbọ́n ọ̀pá lásán kì í tètè rí èyí tí ó kéré. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń fi ẹ̀rún wúrà tàbí ọ̀pá kábọ̀nù kékeré oníhò kùn ún lójú. Bí a bá pín sísanra irun orí kan sí ọ̀nà 80,000, ìdá díẹ̀ péré nínú rẹ̀ ni wọ́n fẹ̀ tó. Wọ́n dà bí ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn lára ilé kan: ibi tí ẹlẹ́kitírọ́ọ̀nù lè gbà wọlé á pọ̀ sí i. Síbẹ̀, ìdọ̀tí fínọ́ọ̀lù a máa lẹ̀ mọ́ ọ̀pá bí èéfín mọ́ ìdí ìkòkò, a sì ní láti nù ún tàbí kí a pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, irinṣẹ́ yìí kò lè bá yín bo kòkó o. Bí ẹnìkan bá kánjú sá kòkó rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, ńṣe ni yóò tú u fó.