Ehoro arúgbó tó kọ oúnjẹ: ìfun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ẹnu

Gbogbo ìgbà tí ìròyìn bá gbé ehoro arúgbó kan jáde pé òun ló dàgbà jù láàyè, ni àwọn tó ń sin ehoro nílé máa ń béèrè bí tiwọn náà ṣe lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ehoro kan tó ń jẹ́ Flopsy, tí wọ́n mú nígbó Tasmania lóṣù kẹjọ ọdún 1964, kù díẹ̀ kó pé ọdún 19 kó tó kú. Ọ̀pọ̀ ehoro ilé kì í rí ju ọdún 8 sí 12 lọ. Ọ̀kan nínú ohun tó léwu jù fún èyí tó ti dàgbà ni ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn àìsàn, tí ara ti ń yá, ṣùgbọ́n tí ẹnu ṣì kọ oúnjẹ.

Èrò tó wọ́pọ̀ ni pé ebi á pa á, á jẹun. Ọ̀rọ̀ ehoro kò rí bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tó ń wọlé ló ń mú ìfun rẹ̀ ṣiṣẹ́. Bí oúnjẹ bá dín, ìfun á falẹ̀. Bí ìfun bá falẹ̀, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, kò sì ní fẹ́ jẹun mọ́.

Fáíbà inú koríko ló ń gún ìfun ehoro ní kẹ́ṣẹ́. Bí oúnjẹ bá dé ìfun ńlá, ìfun á ṣà á sí méjì. Fáíbà tó gùn á di kóró ìgbẹ́ líle, roboto, á jáde. Èyí tó kúnná á padà pẹ̀lú omi sínú àpò ńlá kan tó ń jẹ́ caecum, tó lè gba nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú ikùn àti ìfun. Níbẹ̀, bí ògì ṣe ń kan nínú ìkòkò, ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń sọ ìyókù koríko di èròjà aṣaralóore. Ehoro á wá ya ìgbẹ́ mìíràn tó rọ̀, tó ń dán, á sì fi ẹnu gbà á nídìí ara rẹ̀ kó tó balẹ̀. Inú rẹ̀ ló ti ń rí purotéènì àti fítámínì B. Ehoro àgbà tí oríkèé ń ro kò lè tẹ̀ débẹ̀ mọ́, ìgbẹ́ náà á sì lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀. Olówó rẹ̀ á rò pé ìgbẹ́ gbuuru ni, bẹ́ẹ̀ oríkèé ló ń dùn ún.

Bí ìfun bá dúró, ohun tó wà nínú ikùn á gbẹ, á dì, afẹ́fẹ́ á kún inú, ehoro kò sì lè bì. Ọ̀rá á máa ya wọ ẹ̀dọ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń di ẹ̀bi ru irun tí ehoro ń lá mì. Ṣùgbọ́n irun máa ń wà nínú ikùn ehoro tí ara rẹ̀ le. Ìfun tó dúró ló ń jẹ́ kó dì.

Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ìfun tó falẹ̀ ń fẹ́ oúnjẹ. Èyí tí nǹkan dí pa lè bẹ́ bí a bá fi tipátipá bọ́ ehoro. Ní 2012, àwọn oníṣègùn ẹranko ní Ẹ́ńgílàndì fi hàn pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè ran dókítà lọ́wọ́ láti mọ ìyàtọ̀: bó bá ju 20 mmol/L lọ, ó ṣeé ṣe gan-an pé ìfun ti dí. Oògùn ìrora àti omi ló tẹ̀ lé e. Kí dókítà yẹ ẹnu wò pẹ̀lú, torí eyín ehoro kì í dẹ́kun dídàgbà. Tẹ̀yìn lè yọ ṣóńṣó, kó máa gé ahọ́n. Ẹ má ṣe fún un ní amoxicillin tàbí ampicillin tó kù nílé: ó ń pa kòkòrò rere inú caecum.

Lẹ́yìn èyí, oúnjẹ di oògùn. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ po ìyẹ̀fun oníkoríko tí wọ́n ṣe fún ehoro aláìsàn. Ẹ fi aṣọ ìnura wé e, kó jókòó lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ má dà á dùbúlẹ̀. Ẹ ti sírínjì bọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ní àlàfo ẹ̀yìn eyín iwájú. Ẹ fún un ní ìwọ̀nba, kó jẹ ẹ́ lẹ́nu, kó gbé e mì, kí ẹ tó tún fún un, kó má baà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé ewé tútù olóòórùn bíi parsley tàbí mint síwájú rẹ̀, kí omi ṣì wà lára rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ìgbálódè àti yúnyun ni àwọn tó ń sin ehoro máa ń já fún un, níbi tí wọn kò bá fín oògùn sí. Koríko gbígbẹ kò gbọdọ̀ kúrò níwájú rẹ̀.

Oògùn tó ń mú ìfun sún wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí lórí rẹ̀ nínú ehoro ṣì tín-ín-rín. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ehoro kejì tó ń bá a gbé. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ehoro ní Britain ń gbani nímọ̀ràn pé kí ehoro méjì tó jọ ń gbé jọ lọ sílé ìwòsàn. Lójú tèmi, ó tọ́. Ẹran tí ẹran mìíràn ń pa jẹ ni ehoro, ẹ̀rù kì í sì í jẹ́ kó jẹun. Bó bá rí ẹnìkejì rẹ̀ tó ń jẹun láìfòyà, ó jọ pé ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Bí àìsàn náà kì í bá ṣe èyí tó ń ràn, ó yẹ ká dán an wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ehoro àgbà nílé, ẹ máa wo ìgbẹ́ rẹ̀ láràárọ̀. Bí kóró rẹ̀ bá ń kéré sí i, ìfun ti ń falẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá sì fẹnu kan oúnjẹ, ẹ má jẹ́ kó pé wákàtí 12 kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, ì báà jẹ́ lóru.