Orí fífọ́ àgbàlagbà tó lè fọ́ ojú: kí ló dé tí dókítà fi ń gé iṣan ẹ̀bátí?

Orí ń fọ́ gbogbo wa: oòrùn, ibà, àìsùn. Ṣùgbọ́n irú orí fífọ́ kan wà tó ń mú ẹni tó ti lé ní 50 ọdún, pàápàá ẹni tó ti lé ní 70, tí kò yẹ ká fi paracétamol nìkan bò mọ́lẹ̀. Àwọn dókítà tó ń sọ Faransé ń pè é ní maladie de Horton, nítorí Dókítà Bayard Horton ti Mayo Clinic, ní Amẹ́ríkà, tó kọ̀wé nípa rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1932.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Ohun tó yẹ kó máa gbèjà ara ló yíjú padà, tó ń bá iṣan ẹ̀jẹ̀ orí jà. Ògiri iṣan á wú, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á há. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ojú mọ́, ojú lè fọ́ lójijì, kò sì wọ́pọ̀ kó tún ríran padà. Bí a kò bá tọ́jú ẹ, ojú kejì lè tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Àwọn àmì rẹ̀ nìyí: orí fífọ́ tuntun ní ẹ̀bátí, awọ orí tó ń dunni bí a bá ń yarun tàbí wé gèlè, àgbọ̀n tó ń dunni bí a bá ń jẹ ẹran, tó á sì fúyẹ́ bí a bá sinmi ẹnu, ojú tó ń ṣú, tàbí tó ń rí ohun kan ní méjì, ibà, rírù, èjìká tó ń le láàárọ̀. Àwọn òyìnbó apá àríwá Yúróòpù ló ń mú jù, obìnrin sì ju ọkùnrin lọ. Láàárín àwa èèyàn dúdú, kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe pé kò sí.

Dókítà á kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ wò, VS àti CRP. Lẹ́yìn náà ló lè sọ pé kí wọ́n ṣe biopsie. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù bà yín. Wọ́n á gún ẹ̀bátí ní abẹ́rẹ́ kí ibẹ̀ má mọ ìrora, aláìsàn ò ní sùn. Wọ́n á la awọ díẹ̀, wọ́n á yọ ègé iṣan bíi sàǹtímítà 1 sí 2, wọ́n á so ẹnu iṣan tó kù pa, wọ́n á rán awọ. Kì í sábà ju wákàtí kan lọ. Iṣan mìíràn wà tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀, irun sì máa ń bo àpá rẹ̀. Wọ́n á wá fi míkíròsíkóòpù wo ègé náà. Bí wọ́n bá rí ògiri iṣan tó wú, tí sẹ́ẹ̀lì ńláńlá sì wà nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Bí wọn ò bá rí nǹkan ńkọ́? Àrùn yìí ń ṣe bí ikán lára igi: ó jẹ níhìn-ín, ó fi ọ̀hún sílẹ̀. Ègé tí wọ́n mú lè bọ́ sí ibi tó dá. Nítorí náà dókítà á tún wo àwọn àmì, ó sì lè fi échographie wo iṣan náà.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù rèé: oògùn kò gbọ́dọ̀ dúró de biopsie. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ń ṣe é, ọ̀nà sì lè jìn. Bí dókítà bá ti fura, á bẹ̀rẹ̀ prednisone lójú ẹsẹ̀. Àmì àrùn kì í tètè parẹ́ nínú iṣan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, wọ́n ṣì lè rí i. Ẹ má fúnra yín ra oògùn yìí lọ́jà o, ẹ má sì dá a dúró lójijì. Ó lè gbé ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, a sì máa ń lò ó fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí. Bí orí ìyá tàbí bàbá yín bá ń fọ́ lọ́nà tí kò ṣe rí, tí ojú sì ń ṣú, ẹ má dúró dìgbà tí ọjà bá tú. Ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ.