Kí ló mú kí adobo ṣì jẹ́ adobo lókè òkun?

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹni tó bá gba àdúgbò Central kọjá ní Hong Kong yóò rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin tí wọ́n tẹ́ páálí sílẹ̀ lábẹ́ afárá àti lẹ́nu ọ̀nà báńkì, tí wọ́n ṣí abọ́ oúnjẹ, tí wọ́n ń bu fún ara wọn. Ọmọ Filipíìnì ni wọ́n. Iṣẹ́ inú ilé ni wọ́n ń ṣe fún àwọn ará ibẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo yìí ni wọ́n sì fi ń sinmi lọ́sẹ̀. Ìrẹsì wà nínú abọ́ náà, ẹran tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú wà níbẹ̀, òórùn ọtí kíkan àti aáyù sì gba gbogbo ibẹ̀ kan.

Adobo nìyẹn. Agbára káká ni a ó fi rí ilé méjì tó ń sè é bákan náà ní Filipíìnì.

Lọ́dún 1974, lábẹ́ ìjọba Ferdinand Marcos, ni òfin iṣẹ́ orílẹ̀-èdè náà sọ fífi òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ sókè òkun di ètò ìjọba. Àwọn nọ́ọ̀sì gba Lọ́ńdọ̀n lọ, àwọn atukọ̀ wọ ọkọ̀ káàkiri àgbáyé, àwọn ìyá fi ọmọ wọn sílẹ̀ lọ tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ ní Saudi Arabia. Owó tí gbogbo wọn ń fi ránṣẹ́ sílé lọ́dọọdún ti ju bílíọ̀nù 30 dọ́là lọ. Owó yìí ni gbogbo ayé ń kà. Ta ló ń béèrè ohun tí ẹni tó ń fi í ránṣẹ́ ń jẹ lálẹ́, nígbà tí ọjà ìlú tó wà kò ní èròjà tí ìyá rẹ̀ fi ń se oúnjẹ?

Orúkọ àwọn oúnjẹ wọn gan-an ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí àwa ṣe ń pe ẹran tí a sun ní àsun, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ oúnjẹ Filipíìnì ń gba orúkọ lára ohun tí a ṣe sí i. Inihaw ni ohun tí a yan lórí iná. Ginataan ni ohun tí a fi gata, ìyẹn oje àgbọn, sè. Adobo ti inú èdè àwọn Sípéènì wá, ó jẹ mọ́ fífi omi èròjà rẹ ẹran. Ṣùgbọ́n àwọn Sípéènì bá àwọn onílẹ̀ lẹ́nu fífi ọtí kíkan se oúnjẹ ni, orúkọ nìkan ni wọ́n fún un. Orúkọ yẹn kò dá ẹran kankan yàn. Ẹlẹ́dẹ̀ lè di adobo, adìẹ lè di adobo, ẹ̀fọ́ náà lè dì í. Lójú tèmi, ẹni tó fi ohun tó rí lọ́jà Toronto sè é kò ba oúnjẹ ìyá rẹ̀ jẹ́ rárá.

Nínú àwọn èròjà rẹ̀, ọtí kíkan ló ṣòro jù láti rọ́pò. Ẹni tó bá mọ ẹmu ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ń dá ẹmu lára igi àgbọn ní Filipíìnì, tuba ni wọ́n ń pè é. Ìwúkàrà á sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí láàárín wákàtí díẹ̀. Bí ó bá pẹ́ sí i, bakitéríà tó ń lo afẹ́fẹ́ á sọ ọtí náà di ásíìdì. Ásíìdì yìí ni kì í jẹ́ kí kòkòrò tó ń ba oúnjẹ jẹ́ ráyè, òun ló sì ń jẹ́ kí adobo pẹ́ nílẹ̀ olóoru kí fíríìjì tó dé. Ọtí kíkan funfun tó wà ní ilé ìtajà òyìnbó kò ní adùn igi àgbọn yẹn. Kíkan lásán ni, ó sì ń ta lẹ́nu gan-an. Nítorí náà, ẹnì kan á bomi là á, ẹlòmíràn á fi ti èso ápù rọ́pò rẹ̀, ẹlòmíràn á ta ṣúgà díẹ̀ sí i.

Wo ìkòkò náà: ẹran, aáyù tí a fọ́, soy sauce, ewé bay, hóró ata dúdú, ọtí kíkan. Àwọn àgbà obìnrin kì í jẹ́ kí ọmọ rò ó kí ó tó hó. Ohun tí kẹ́mísírì fi yé wa ni pé ásíìdì náà máa ń bá oru lọ, torí náà ó dára kí a ṣí ìdérí nígbà tó bá kọ́kọ́ hó. Òórùn tó ń gún imú á jáde, kíkan tó rọ̀ á kù sínú ọbẹ̀. Nígbà tí omi bá fà tán, ọ̀rá ẹran á yọ, èròjà dúdú náà á lẹ̀ mọ́ ara ẹran, á máa dán.

Ti sinigang yàtọ̀. Ọbẹ̀ olómi ni, àjàgbọn ló sábà ń mú un kan. Gúáfà tàbí máńgòrò dúdú náà lè ṣe é. Lẹ́mọ́ọ̀nù ni ọ̀pọ̀ ń fi rọ́pò rẹ̀ lókè òkun, ṣùgbọ́n òórùn dídùn lẹ́mọ́ọ̀nù kì í fara da iná, ẹ̀yìn tí a bá sọ ìkòkò kalẹ̀ ló yẹ kí a fún un sí i.

Ẹni tí mo máa ń rántí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Maria Orosa, tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ Batangas lọ́dún 1893. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì ní University of Washington ní Seattle, ó sì padà sílé lọ́dún 1922. Ketchup tòmátì, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wọlé nígbà náà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló kún ilẹ̀ wọn. Orosa bá fi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọtí kíkan àti ṣúgà ṣe tirẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣe ìyẹ̀fun sóyà tí wọ́n ń yọ́ gbé lọ fún àwọn tí wọ́n há mọ́ àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Àfọ́kù bọ́ǹbù ló pa á ní Manila, ní oṣù kejì ọdún 1945.

Ketchup rẹ̀ wà lórí pẹpẹ lónìí ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Filipíìnì ní Dubai àti Los Angeles, wọ́n pa á láró pupa bíi tòmátì. Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun á tọ́ ti tòmátì wò lórí sípágẹ́tì rẹ̀, á sì ní kí ìyá òun bá òun wá èyí tó jẹ́ ojúlówó.